Ilé Ẹ̀kọ Ìyá Àgbà àti Ògiri Yunifásítì

Ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà mi ní Ìwáyà ni ilẹ̀ yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé ibẹ̀ ni tiwa parí sí. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bi. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, kò sí ògiri láàárín wa. Koríko ni, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wá ra ẹ̀kọ láàárọ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà yẹn ni àtíbàbà onípáànù tí ìyá àgbà ti ń ro ẹ̀kọ wà. Ilé ẹ̀kọ là ń pè é. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú. Èmi ni mò ń bá a di ẹ̀kọ sínú ewé eéran nígbà tí mò ń retí èsì ìdánwò mi, mi ò sì mọ̀ ọ́n dì. Ó máa ń ní ẹ̀kọ tí mo bá dì dà bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn.

Yunifásítì fẹ́ fẹ̀ sí i, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé, kí wọ́n sì mọ ògiri yí ilẹ̀ wọn ká, ni àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá dé. Wọ́n na okùn, wọ́n gún èèkàn, okùn sì gba àárín àtíbàbà kọjá. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú wọn tó ti òkèèrè wá, tó ń kọ́ Yorùbá, tó sì ń fi yangàn. Òun ni wọ́n rán sí ìyá àgbà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ilẹ̀ yìí, ti ilé ẹ̀kọ ni. Ṣé ẹ gbà?"

Ìyá àgbà gbójú sókè nínú èéfín. "Ti ilé ẹ̀kọ ni, ọmọ mi. Ta ni ò mọ̀?"

"Kò sí ìjà?"

"Ìjà kẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìjà. Jókòó, jẹ ẹ̀kọ."

Ó jẹ méjì, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìyá àgbà ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé àwọn alákọ̀wé ti wá jẹ́rìí pé tòun ni. Mo wà níbẹ̀, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, kò sì ta mí létí rárá.

Kò pẹ́ tí àwọn lébìrà fi dé láti wá tú páànù. Wọ́n ní màmá ti gbà. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà, ó gbé orógùn lé itan. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wó o, yóò di ẹni tó ń jókòó sílé ọmọ, tó ń wo ìta láti ojú fèrèsé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú.

Kí ọ̀rọ̀ tó di iṣu ata yán-an-yàn-an, ọ̀gá àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dé, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa.

"Mà, wọ́n ní ẹ gbà pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni ilẹ̀ yìí."

"Ilé kí ni?"

"Ilé ẹ̀kọ́."

"Ẹ̀kọ́ wo? Ẹ̀kọ lọmọ yẹn wí. Ẹ̀kọ tí mò ń ro yìí. Ó tiẹ̀ jẹ méjì níbẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà. "Sọ ọ́ kí n gbọ́." Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di òpó àtíbàbà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn lébìrà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán," ó ní, "ẹ sọ ibi tí mo ti máa ro ó fún mi."

Ọ̀gá wo àwòrán ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé kankan ò dé ibẹ̀, òdòdó ni wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa èèkàn sẹ́yìn. Bí ògiri yunifásítì ṣe yà fún ilé ẹ̀kọ ìyá àgbà mi nìyẹn, inú mi sì dùn dọ́ba.

Àmọ́ ògiri dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó ga kọjá orí wa, kò sẹ́ni tó wá rajà, gbogbo ẹ̀kọ sùn. Ìyá àgbà ò sunkún. Ó gbé àpótí lọ jókòó ti bíríkìlà tó mọ ògiri náà, ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti yọ búlọ́ọ̀kù kan kúrò lára ògiri, ní déédéé àyà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó yọ ọ́.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan là ń rí nínú ihò yẹn. Ọwọ́ kan á yọ síta pẹ̀lú owó, ẹ̀kọ á wọlé. Ìyá àgbà mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń gé èékánná jẹ, ẹni tí yíǹkì kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó de aago tó sì máa ń kánjú. Ọkàn wa balẹ̀ láwọn ọdún wọ̀nyẹn, mi ò ní purọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ aláago yọ síta lófìfo.

"Mi ò tà láwìn lónìí o," ìyá àgbà wí.

"Mi ò fẹ́ rà, Mà. Mo ti parí, ilé ni mò ń lọ. Mo ní kí n kí yín pé ó dàbọ̀."

Ìyá àgbà nu ọwọ́ sára ìró, ó fi méjèèjì di ọwọ́ náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gùn débi pé àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ń pè é lẹ́yìn ògiri, àmọ́ kò fa ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà bi mí bóyá ó ga. Mo ní mi ò rí i. Ó ní òun náà ò rí i rí, látọdún tó ti ń jẹ ẹ̀kọ òun.