Yàrá Tí Kò Nílẹ̀kùn

Yàrá márùn-ún ló tò tẹ̀lé ara wọn lápá ọ̀tún ilé wa ní Ṣàgámù. Èkejì la sin ìyá ọkọ mi sí. Ọkọ mi fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn ibẹ̀, kí ayálégbé má baà tẹ́ ẹní lé ìyá rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ó fi fèrèsé sílẹ̀, ó ní kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn.

Ayé ìjọba ológun ni. Bàbá rẹ tí mo bí, ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, kò tíì gbéyàwó, ó ń gun ọ̀kadà. Ọkọ̀ ṣọ́jà kan dojú dé nítòsí Simawa, bàbá rẹ sì mú rédíò tí àwọn ṣọ́jà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó dé yàrá rẹ̀, ìkẹrin, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bú wọn.

Àwọn ṣọ́jà gbé ẹ̀rọ kan tó ní irin gígùn lórí wá. Bí ó bá ti sún mọ́ rédíò náà ni yóò máa ké. Ọ̀gá wọn ya ilé wa sórí páálí láti ìta: fèrèsé kan, yàrá kan. Ẹ̀rọ náà ké jù nídìí fèrèsé kẹrin. Wọ́n wọlé, wọ́n ka ilẹ̀kùn, wọ́n sì ta ìkẹrin nípàá. Yàrá télọ̀ tó yá ilé lọ́wọ́ wa ni.

Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ tó ń rán.

"Níbo lo gbé e sí?"

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni mo ní."

"Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bú ìyá mi láti àárọ̀?"

Wọ́n ki ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n sì yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà.

Bàbá rẹ ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di apá mi mú. "Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Wọ́n á pa mí."

Télọ̀ tún ké. Mo ní, "Ọ̀gá, yàrá òkú kan wà láàárín tí kò nílẹ̀kùn. Ẹ padà sẹ́yìn ní yàrá kan."

Ọ̀gá náà jáde lọ wo fèrèsé, ó padà, ó fara balẹ̀ fi báírò fa igi lé yàrá ìyá ọkọ mi lórí páálí rẹ̀. Wọ́n bá rédíò lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ.

Bàtà ni wọ́n fi tẹ bàbá rẹ ní ìhà, mo ń gbọ́ egungun. Mo ṣubú lé e, wọ́n ta èmi náà nípàá. Télọ̀ fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ń bá bàbá rẹ bẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi gbé rédíò wọn lọ.

"Ẹ tà mí, Ìyá."

"Mi ò tà ọ́. Wọn ì bá pa ọmọ ọlọ́mọ sórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ."

Ó yíjú sí ògiri. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún jẹun lọ́wọ́ mi.