Kẹ́sẹ́ Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Ìró irin ló jí mi lójú oorun ọ̀sán. Mo ti sùn lọ sórí àga nínú fúláàtì wa ní Rexdale, yìnyín ti bo ojú fèrèsé, hítà ń ṣe hùn-ùn ní igun ilé, ni mo bá gbọ́ ọ: woro, woro, woro, láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì bọ̀ wá sí pálọ̀. Kí n tó la ojú, mo ti dìde jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré lè má mọ bí ìró kan ṣe lè gbé àgbàlagbà láti orí àga kan ní Toronto lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin ní Ìjẹ̀bú. Ó gbé èmi lọ. Fún ìgbà díẹ̀, òórùn koríko gbígbẹ àti ti ìgbẹ́ ẹṣin ni mo ń retí nímú, inú mi sì ti ń dùn.

Tọ́mi ni, ọmọ ọmọ mi. Àwọn olùkọ́ wọn ní kí wọ́n múra bíi kábọ́ì wá sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Bùkọ́lá ọmọ mi, ìyá rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé àwọn arúgbó, ti ra fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sì ra kẹ́sẹ́ méjì mọ́ ọn. Kẹ́sẹ́ ni irin tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń dè mọ́ gìgísẹ̀ láti fi gún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè sáré. Ọmọ náà ti de é mọ́ bàtà yìnyín rẹ̀. Ó dorí rẹ̀ kodò, eyín irin náà ń wo òkè, ìdè ti òsì àti ti ọ̀tún sì kọjú síra wọn nínú, wọ́n ń kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ó wá ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yìn ni kẹ́sẹ́ ti ń wọlé, kì í ṣe iwájú. Ẹ óò ya apá irin rẹ̀ méjèèjì díẹ̀, ẹ óò tì í mọ́ gìgísẹ̀ títí tí yóò fi jókòó sórí etí bàtà, kò gbọdọ̀ gùn lọ sókè ọrùn ẹsẹ̀. Ọrùn irin tó gbé eyín yẹn dání gbọ́dọ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Awọ yóò gba orí ẹsẹ̀ kọjá, ìdè rẹ̀ yóò sì wà níta, nítorí bó bá wà nínú yóò máa họ ẹṣin lára, yóò sì máa há mọ́ irin tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì. Ìrù awọ náà yóò kọjú sẹ́yìn. Ẹ má fà á le jù, ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Tọ́mi mi ẹsẹ̀, ó dún dáadáa, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi.

Ọwọ́ mi dúró. Mo mú bàtà náà lọ́wọ́, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún.

"It's the same thing, Grandpa," ni ọmọ náà wí. "Just do it the other way."

Mo sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo de é bákan ṣá, bó ṣe rí fún ohun ìṣeré, ó sì sáré lọ. Èmi kò lè dìde nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kì í sì í ṣe orúnkún nìkan ló fà á.

Ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún un ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Nínú ilé bàbá bàbá mi, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kọ́ èmi. N kò mọ ti ọ̀tún rí.

Bàbá Àgbà ní ìyàwó méjì àti ẹṣin kan. Àwọn ìyàwó kì í bá ara wọn jà, ẹṣin náà ló ń bá gbogbo wọn jà. Olóyè ni wọ́n ń pè é, nítorí ìgbéraga rẹ̀. Bí ẹ bá bu omi fún un tí ẹ kò kí i, yóò fi imú ti garawa dà nù. Ó jẹ ìborùn ìyáálé nígbà kan, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá, kò ku ìṣẹ́tí. Ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, Bàbá Àgbà máa ń gun Olóyè lọ kí ọba pẹ̀lú àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin yòókù. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lórí ìlà. Bàbá mi ti di onísọ́ọ̀ṣì nígbà náà, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó máa mọ̀, òun ló máa ń pariwo jù lọ lẹ́yìn ẹṣin.

Múfú jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, láti ọ̀dọ̀ ìyáálé. Èmi wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré. Ọjọ́ orí wa dọ́gba, à ń jẹun nínú abọ́ kan náà, à ń gba ẹgba kan náà. Àwa méjèèjì ni Bàbá Àgbà yàn láti máa de kẹ́sẹ́ fún un. Yóò jókòó sórí àpótí, agbádá rẹ̀ yóò bo ààrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí aṣọ ìkélé, Múfú yóò kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì. N kò rí ohun tí Múfú ń ṣe, òun náà kò rí tèmi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tirẹ̀ máa ń pẹ́. Apá òsì ni ènìyàn ti ń gun ẹṣin, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì ń gba orí ìdí ẹṣin kọjá. Bí wọn kò bá de ti ọ̀tún lọ́nà tirẹ̀, yóò ha Olóyè nídìí, Olóyè kì í sì í gba irú ẹ̀ mọ́ra. Awọ rẹ̀ gùn ju tèmi lọ, ó ní kókó kan, ó sì ní ibi tó ń gbà lábẹ́ bàtà. Mo bi Bàbá Àgbà nígbà kan pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí àwa méjèèjì mọ méjèèjì. Ó ní bí ẹnì kan bá mọ méjèèjì, kí ló tún fẹ́ wá ẹnì kejì lọ fún? Ó sì ní kí n gbé ojú mi sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ó kú ní ìgbà òjò, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Àwọn àgbààgbà ẹbí péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti pín ogún, ní ìdí igi, bí wọ́n ṣe ń pín in ní ilẹ̀ wa: bí ìyàwó bá jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ni gbogbo nǹkan yóò pín sí. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín oko, wọ́n pín àwo. Gàárì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Múfú, ìjánu bọ́ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ẹṣin kò ṣe é là sí méjì, kó jẹ́ ti gbogbo ilé. Nígbà tó kan kẹ́sẹ́, ẹni tó ń pín nǹkan gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó rí i pé méjì ni, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí Ọlọ́run mú iṣẹ́ rọrùn fún. Ó fi ti ọ̀tún fún bàbá Múfú, ó fi ti òsì fún bàbá mi. Gbogbo wọn gbóríyìn fún un. Wọ́n ní àwọn kò rí ogún tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ rí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń yin ohun kan pé ó dọ́gba, inú máa ń bí mi.

Nígbà tí Iléyá dé, bàbá Múfú ni àgbà, òun ló yẹ kó gun Olóyè. Ó wá ń retí pé kí àbúrò òun gbé ìjánu àti kẹ́sẹ́ wá bá òun láìjẹ́ pé òun béèrè. Bàbá mi ń retí pé kí ẹ̀gbọ́n òun ránṣẹ́ wá béèrè, kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Àgbàlá kan ló wà láàrin wọn, adìyẹ ń rìn ín lọ rìn ín bọ̀ láìsí wàhálà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, kẹ́sẹ́ òsì wà lórí itan mi, mo ti fi òróró pa awọ rẹ̀. Mo rí Múfú ní ẹnu ọ̀nà tiwọn, tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kàn ń wo ara wa. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwa méjèèjì pé a kò gbọdọ̀ kọjá àgbàlá yẹn.

Bàbá Múfú fi okùn ṣe ìjánu, ó de kẹ́sẹ́ kan ṣoṣo, ó sì gun ẹṣin jáde. Ẹṣin tí wọ́n bá ń gún lápá ọ̀tún nìkan, òsì ni yóò máa yà sí. Níwájú ọba àti gbogbo ìlú, Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan. Ó yí po títí àwọn ìdílé tó wà lẹ́yìn fi kọjá wọn lọ. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá Múfú sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ńlá rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì fa ẹṣin náà wálé lójú gbogbo ayé. Kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n ta Olóyè kí oṣù yẹn tó parí. Àyè wa lórí ìlà bọ́ sọ́wọ́ ìdílé mìíràn, ọwọ́ wọn náà ló sì wà di òní. Àwọn Múfú kó lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù wọn ń lọ, Múfú ń juwọ́ sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kó sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó fi kẹ́sẹ́ rẹ̀ hàn mí, ó sì tì í padà sápò.

Mo gbé tèmi kiri. Nígbà tí mò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ Bùkọ́lá níbí, òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfurufú yọ ọ́ nínú ẹrù mi, ó gbé e sókè, ó bi mí pé kí ni. Mo ní ìdajì nǹkan ni. Ó wo irun funfun mi, ó sì dá a padà.

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi dúró lórí bàtà Tọ́mi ni mo pinnu pé n kò ní kú láìmọ ti ọ̀tún. Mo wá Múfú kiri lórí WhatsApp, láti ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan dé òmíràn, títí mo fi rí i. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ, arúgbó ni mo rí, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì dàgbà. A sunkún díẹ̀, a bú ara wa díẹ̀. Mo de kẹ́sẹ́ òsì mọ́ ẹsẹ̀ mi, mo fi hàn án, mo ní kí òun náà de tirẹ̀ kí n wò ó.

"Wò ó, mi ò ní fi pa mọ́ fún ẹ," ló wí. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ò sí mọ́. Àrùn ṣúgà ló mú un lọ."

Ó yí fóònù sísàlẹ̀, mo sì rí i. Òun ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní kẹ́sẹ́ ṣì wà, ọwọ́ òun ò sì tíì gbàgbé, kí n pe òun ní Sátidé, òun máa de é mọ́ ẹsẹ̀ Wàsíù ọmọ òun kí n lè rí i. Mo ka ọ̀sẹ̀ yẹn bí ọmọdé ṣe ń ka ọdún. Ní Sátidé, Wàsíù na ẹsẹ̀, ó ń tẹ fóònù tirẹ̀, ó hàn pé ó fẹ́ tètè jáde. Múfú gbé awọ náà sókè. "Abẹ́ ló kọ́kọ́ máa lọ," ló wí, "kó tó dé gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo àtàǹpàkò mi dáadáa..." Níbẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Wọ́n tún ti mú iná lọ lọ́dọ̀ wọn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà pé ká ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ò ń lọ síbì kankan.

Kò dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wàsíù ló kọ̀wé sí mi pé bàbá òun ti kú, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń lọ mú Tọ́mi nílé ìwé, n kò sì rí ẹnì kan tí mo lè sọ fún. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo bẹ Wàsíù pé kó bá mi tọ́jú kẹ́sẹ́ yẹn. Èsì rẹ̀ kò gùn.

"Uncle, ẹ má bínú. Nígbà tí a tún yàrá wọn ṣe, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó gbogbo irin ibẹ̀ lọ. A ò mọ̀ pé nǹkan gidi ni."

N kò bínú sí i. Ta ló sọ fún un? Àwọn tó yẹ kó sọ fún un ti kú láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìlú wa kò yí padà tó bẹ́ẹ̀: wọ́n ṣì ń gẹṣin lọ kí ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mo ń wò ó lórí fóònù, ẹṣin wọn pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Tiwa nìkan ló tán. Mo ti gbìyànjú láti fi òye wá kókó yẹn. Mo gba awọ kọjá lábẹ́ bíi ti Múfú, ṣùgbọ́n níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ dé ni èmi náà ń dé, n kò kọjá ibẹ̀ rí, n kò sì rò pé mo máa kọjá rẹ̀.

Mo ti kọ́ Tọ́mi ní ti òsì. Ó mọ̀ ọ́n, ó lè fi ojú dídì ṣe é, inú rẹ̀ sì dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó bi mí pé ta ló máa kọ́ òun ní ti ọ̀tún. Mo ní kó lọ jẹun.