Kí Wáyà Méjèèjì Lè Jọ Dé

Ohun tí gbogbo èèyàn fi mọ Dọ́gba ni ọjọ́ tó dá ìpàdé ilé ìwé dúró fún odindi wákàtí kan nítorí wáyà. Wọ́n pè é kó wá to ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ sínú gbọ̀ngàn. Sípíkà méjì ni. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jókòó sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan orúnkún rẹ̀. Èkejì wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún. Ẹlòmíì ì bá fi wáyà kúkúrú so ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó fi èyí tó gùn so ti ọ̀hún, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Dọ́gba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Iye wáyà tó lọ sí ọ̀hún náà gẹ́lẹ́ ló fi so èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá ń ká a, ó ń ká a, títí òkìtì wáyà fi dé ìdí àga ọ̀gá ilé ìwé.

Ọ̀gá ilé ìwé béèrè pé kí ló dé. Dọ́gba ní bí wáyà kan bá gùn ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lápá òsì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀tún. Bí Ọ̀gá bá dá àpárá, àwọn tòsì á ti rẹ́rìn-ín tán kí àwọn tọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá fẹ́? Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dìde pé kóun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wáyà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn òbí láìrò tẹ́lẹ̀. Tòsì tọ̀tún, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Dọ́gba na ìka sí wọn. Ó ní, "Ẹ rí i? Wọ́n jọ dé."

Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìtàn yìí sùn. Òun ló kan àpótí sípíkà méjèèjì, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti sọ ọ́ ní ìgbà tí kò lóǹkà. Àmọ́ láti oṣù mẹ́ta tí Dọ́gba ti kú, kò rọrùn fún un mọ́. Bó bá ti dé ibi ẹ̀rín, ojú rẹ̀ á ṣàdédé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, síbi tí Dọ́gba máa ń jókòó sí láti sọ pé irọ́ ni, Ọ̀gá kọ́ ló ṣubú, bàtà Ọ̀gá ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ọmọ Dọ́gba obìnrin wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó lórí pákó, kò tilẹ̀ gbọn eruku rẹ̀. Ó ní màmá òun ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tó ti ń dá gbé. Òun fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara òun. Màmá ní òun ò ní lọ, àfi kí sípíkà méjèèjì tó wà ní pálọ̀ àwọn bá òun lọ pẹ̀lú gbogbo wáyà wọn, bí ọkọ òun ṣe fi í sílẹ̀. Yàrá tó wà ńlẹ̀ fún màmá sì kéré, bẹ́ẹ̀di kan àti àga méjì ló lè gbà. Bí wáyà bá wọ ibẹ̀ bó ṣe wà yẹn, ẹsẹ̀ màmá ló máa tún kọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé gígùn wáyà ò já mọ́ nǹkan. Ẹ bá mi sọ fún màmá. Ẹ bá wa gé e. Bí ẹlòmíì bá gé e, kò ní gbà."

Káfíńtà ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó kó ẹ̀mú àti téèpù sápò, ó ń lọ sílé Dọ́gba. Ibẹ̀ ò jìnnà. Ó rọra ń rìn.

Ṣọ́ọ̀bù òun àti ti Dọ́gba tó ń tún rédíò ṣe kan ara wọn. Pákó ló là wọ́n láàárín, ihò kan sì wà lára pákó náà, níbi tí kókó igi ti já bọ́. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti jiyàn fún ọgbọ̀n ọdún. Káfíńtà fi ọdún kan ju Dọ́gba lọ. Bí inú Dọ́gba bá dùn, "Káfíńtà" ló ń pè é. Bó bá ti gbọ́ "Ẹ̀gbọ́n" látinú ihò, ó mọ̀ pé ìjà ti dé.

Ìjà kan náà ni. Dọ́gba á ní bí ẹni méjì bá jáde nílé pọ̀, tí ọ̀nà ọ̀kan jìn ju tèkejì, ṣé wọ́n á jọ dé ni? Káfíńtà á ní wáyà kì í ṣe ọ̀nà.

"Kí wá ni, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé àga ni?"

Ohun kan tún wà. Dọ́gba kì í gé wáyà. Èyí tó bá kúrú ló máa ń fi kún. Obìnrin kan gbé rédíò wá lọ́jọ́ kan, èyí tó ní sípíkà méjì nínú. Kò ju pé ojú ibi tí wọ́n ti ń tàn án ló bàjẹ́. Dọ́gba tú u, ó rí i pé wáyà tọ̀tún fi ìka kan gùn ju tòsì lọ. Ìyẹn ò jẹ́ kó jẹun ọ̀sán. Ó fi kún tòsì, ó pọ̀ jù. Ó tún wá fi kún tọ̀tún, òun náà pọ̀ jù. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, rédíò ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ wáyà yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ẹṣin. Ó béèrè pé kí nìyẹn. Dọ́gba ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn.

Ìgbà kan wà tí Káfíńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni, nínú pálọ̀ Dọ́gba. Káfíńtà ní kí àwọn dán an wò kó tán. Wọ́n fi ìborùn ìyàwó Dọ́gba dì í lójú. Káfíńtà mú wáyà kékeré kan lọ sẹ́yìn sípíkà. Bó bá wù ú, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi kún ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá wù ú, á dúró jẹ́ẹ́. Dọ́gba á gbọ́ orin, á sọ èyí tó ṣe. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣe é, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Dọ́gba gbà. Ara Káfíńtà bù máṣọ. Nígbà karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ kò fi nǹkan kan kún un.

Dọ́gba ní, "O ti fi kún un."

Káfíńtà ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan. Ìyàwó tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúnkún yín ni. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ró kọ́ọ̀. Mò ń gbọ́ ọ láti ibí."

Dọ́gba tú ìborùn lójú, kò tijú rárá. Ó ní etí tó gbọ́ orúnkún láàárín orin, ṣé wáyà ló máa wá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Káfíńtà rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, òun nìkan. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ wò ó, ó tún gbójú kúrò.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì kan ló bá wọn dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ó wá gba rédíò rẹ̀, ó gbọ́ ariwo látinú ihò pákó. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ohun tó ń sáré nínú wáyà, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbogbo ayé po. Wáyà ilé àti ti gbọ̀ngàn, ìkan náà ni lójú rẹ̀. Àmọ́ bí ohùn bá ti jáde lẹ́nu sípíkà, tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó di arìnrìn-àjò. Ibẹ̀ ló ti ń pẹ́. Ó ní bí Dọ́gba bá sún àga rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan péré, ó ju gbogbo wáyà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Dọ́gba gbọ́ ọ dópin. Ó bi tíṣà léèrè bóyá ó ti bá a rìn nínú wáyà rí. Tíṣà ní rárá. Dọ́gba ní ó dáa, kó máa wá gba rédíò rẹ̀ lọ́la.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mú téèpù, ó wá ojú àárín pálọ̀ gan-an, níbi tí sípíkà méjèèjì jìnnà sí bákan náà. Ó kan ìṣó mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ àga má bàa yẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jókòó síbẹ̀. Ó gbé àga ìyàwó rẹ̀ lé e. Ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lápá òsì.

Káfíńtà rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ bí tíṣà ṣe sọ ni, wọn ò ní jọ dé etí Dọ́gba níbẹ̀ yẹn láé.

Dọ́gba ní, "Tèmi kọ́ là ń sọ."

Bó ṣe ń bá obìnrin náà rìn náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ Dọ́gba gùn, ti ìyàwó kúrú. Ọkọ mìíràn á ti máa lọ níwájú. Dọ́gba á yà lọ wo ojú gọ́tà, á yí igi po, á padà sẹ́yìn lọ kí ẹni tó ti kí tẹ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ká wáyà, kóun àti obìnrin náà lè jọ kan ilẹ̀kùn.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí àga ẹ̀gbẹ́ yẹn, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ jáde ni. Ìyàwó ń wá ìborùn nínú yàrá. Nígbà tí Káfíńtà sáré débẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà sọ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni kò dúró dè mí."

Káfíńtà kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ló ṣí i, ó sì padà sí ilé ìdáná lọ máa di àwo. Ìyàwó wà lórí àga tirẹ̀, lórí ìṣó mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó padà jókòó. Ojú rẹ̀ lọ sí àpò Káfíńtà.

"Ọmọ ní ẹ ń bọ̀ wá gé e."

"Mo wá wọ̀n ọ́n ná, Ìyàwó."

"Ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá dọ́gba, ẹ má gé e. Ohun tó bá ṣe dáadáa, kí wọ́n fi í sílẹ̀."

Ó tú wáyà òsì, ó nà án sílẹ̀, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó tú tọ̀tún. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Wáyà ọ̀tún fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kúrú.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Apá ni Dọ́gba fi ń wọn wáyà, ìgbà mẹ́wàá ló máa ń na apá méjèèjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í lo téèpù fún un, ó ní téèpù kì í gbọ́ orin. Nígbà tó wọn tòsì, apá rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ló já láti orí àkàbà, tí apá òsì rẹ̀ ò nà tán mọ́. Ọdún kejì ni eku jẹ wáyà ọ̀tún, tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Káfíńtà rántí dáadáa. Òun ló di orí wáyà mú lọ́jọ́ náà. Òun ló ń kà á: ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́sàn-án, ó di mẹ́wàá.

Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ọdún mẹ́fà ni Dọ́gba fi jókòó síbí, tó gbórí sókè, tó ní wọ́n jọ dé.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Káfíńtà. Ó borí nínú iyàn ọgbọ̀n ọdún. Ó yíjú sí àga ẹ̀gbẹ́ láti sọ fún un.

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ó dọ́gba?" ni ìyàwó béèrè.

Ọmọ ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo Káfíńtà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Káfíńtà ní í sọ. Á sọ pé kò dọ́gba, kò dọ́gba látọdún mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí náà kò sóhun tí gígé máa bàjẹ́. Òótọ́ ni.

Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Ó wo ẹ̀yìn sípíkà. Wáyà kékeré tí wọ́n fi dán Dọ́gba wò lọ́jọ́sí ṣì wà níbẹ̀, ó so mọ́ ìṣó. Ó wọ̀n ọ́n. Ó fi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ó gé e kó bá a mu, ìyẹn nìkan ló gé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so ó mọ́ tọ̀tún. Orúnkún rẹ̀ ró kọ́ọ̀.

Ìyàwó di ojú. Ó ní, "Ẹ ti fi kún un."

"Mo ti fi kún un."

"Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n."

Káfíńtà yíjú sí ọmọ. Ó sọ fún un pé òun á kan àpótí ìtìsẹ̀ kan, kò ní ga, á ní ihò lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Inú rẹ̀ ni gbogbo wáyà máa ká sí, màmá á sì máa gbẹ́sẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní kí Bàbá wá wọn yàrá náà lọ́la, pẹ̀lú ibi tí ìṣó mẹ́rin máa wà.

Ìyàwó ní kí wọ́n fi orin sí i kó tó di pé wọ́n tú u. Ó ní kí Káfíńtà jókòó. Àga kan ló kù. Káfíńtà ò jókòó sórí rẹ̀ rí, Dọ́gba kì í dìde kúrò níbẹ̀. Ó jókòó pẹ̀lẹ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Láti orí àga yìí, sípíkà òsì sún mọ́ èèyàn jù, òun ló ń kọ́kọ́ dé, tọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò fara sin. Kò lè fara sin fún ẹni tó ń gbọ́ orúnkún láàárín orin.

Ìyàwó jókòó sí àárín gangan, ó gbórí sókè, ojú rẹ̀ wà ní dídì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n jọ dé?"

Káfíńtà wò ó.

Ó ní, "Wọ́n jọ dé."