Keziah àti Sinimá Ọkọ̀ Òṣùpá

Bí ẹ bá bi Keziah Oyèwálé léèrè ibi tó ti kọ́kọ́ rí òṣùpá nítòsí, ilé ìkẹ́rù kòkó kan ní Ìkìrun ni yóò dárúkọ fún yín, kò sì ní rẹ́rìn-ín sí i.

Inísà ni wọ́n bí i sí. Titus, bàbá rẹ̀, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń tún ojú irin ṣe. Wọn a gbé òòlù ńlá àti ọ̀pá irin kọ́ èjìká láàárọ̀, wọn a máa tọ ojú irin lọ, wọn a máa wá ibi tí ìdè ti tú àti ibi tí àgbàrá ti wọ́ òkúta lọ. Iṣẹ́ agbára ni. Nígbà tí Titus bá fi máa wọlé, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Yàtọ̀ sí ti àárẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Felicia, ìyàwó rẹ̀, a máa sọ fún àwọn ará ilé pé, "Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá Keziah, kó kọ́kọ́ lọ jẹun yó."

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú Keziah kò dúró. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin náà bá wúkọ́ lásán, ọkàn gbogbo ilé á dàrú.

Ní nǹkan bí ọdún 1957 ni Adéjàre, oníṣòwò kòkó kan ní Ìkìrun, ra ẹ̀rọ sinimá. Bí àsìkò kòkó bá ti kọjá, ilé ìkẹ́rù rẹ̀ máa ń ṣófo, ló bá ní kí wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, kí wọ́n fi àpò kòkó dí gbogbo fèrèsé, kí wọ́n sì máa fi sinimá hàn níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Jọláyẹmí ló ń bójú tó ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ràn ariwo ni. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn òyìnbó inú àwòrán ń wí, á sì máa fi tirẹ̀ kún un.

Sinimá kan wà tó gba gbogbo ìlú lọ́kàn. Ó pín sí apá púpọ̀, apá kan lọ́sẹ̀ kan. Ọkọ̀ Òṣùpá ni àwọn èèyàn ń pè é. Òyìnbó kan tí Jọláyẹmí sọ ní Awakọ̀ ló wọ ọkọ̀ kan tó ṣe ṣóńṣó lórí bí àgbàdo tí a kò tíì bó. Ó fò lọ sí òṣùpá, ó sì bá ọba kan níbẹ̀ tó ń dé fìlà irin, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí gbogbo ara wọn jẹ́ irin, tí wọ́n ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Gbogbo apá ló ń parí síbi tí ikú ti fẹ́ pa Awakọ̀. Ilẹ̀ á lanu lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí iná yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ibẹ̀ ni òkùnkùn á ti ṣú bo aṣọ funfun náà, Jọláyẹmí á sì ké pé, "Ó di Sátidé tó ń bọ̀!" Àwọn ọmọdé á figbe ta.

Níbi iṣẹ́ ni Titus ti gbọ́ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ká ìró Felicia kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó lè rọ ọmọ lọ́rùn láti jókòó, ó sì pe Keziah.

"Gun ẹ̀yìn. À ń lọ sí Ìkìrun."

"Kí la ń lọ ṣe, Bàbá?"

"A ń lọ wo òṣùpá."

Ọmọ náà gbójú sókè. Oòrùn ló rí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò pa Sátidé kan jẹ. Keziah á di bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ mú, kẹ̀kẹ́ á máa jó lórí òkúta ọ̀nà títí wọn á fi dé Ìkìrun. Òórùn kòkó gbígbẹ ṣì wà lára ògiri ilé ìkẹ́rù náà, ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní iná sì ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé. Bí àwòrán bá ti bọ́ sójú aṣọ, Keziah kì í mọ̀ bóyá òun jókòó ni tàbí òun dúró. Ní ti Titus, oorun kì í pẹ́ gbé e lọ. Á gbé àgbọ̀n lé àyà, á máa hanrun. Àwọn ọmọ tó wà níwájú á yíjú padà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ojú á ti Keziah, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Bàbá, ẹ jí! Wọ́n ti mú Awakọ̀!"

"Mo ń wò ó," Titus á wí, á sì tún sùn padà.

Bí wọ́n bá ń lọ sílé, ọmọ náà á máa ròyìn gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, bí ọba òṣùpá ṣe sọ̀rọ̀, bí àwọn èèyàn irin ṣe ṣubú lura wọn. "Ẹn-ẹ́n," ni Titus á máa dáhùn láìyíjú padà. Keziah gbà pé ọ̀rọ̀ náà ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde ni.

Nígbà tó ku apá ìkẹyìn nìkan, èéyi mú Keziah. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, èéyi sú bò ó lára, ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Felicia ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Ó ń fi àdín pa ọmọ náà lára, ó ń gbàdúrà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omi ojú òun. Nígbà tí ara gbígbóná náà rọlẹ̀ díẹ̀, ohun tí Keziah kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe omi.

"Ìyá, ọjọ́ wo lòní?"

"Sátidé ni, ọmọ mi."

Keziah fẹ́ dìde, Felicia sì rọra dá a padà sórí ẹní. Ni ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹkún tí kò lóhùn, nítorí ọ̀fun ń dùn ún. Apá tí wọ́n wò kẹ́yìn ti fi Awakọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó fọ́, tó ń já bọ̀ láti òkè, tí ọba òṣùpá sì ń dúró dè é nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

"Ta ló máa sọ fún mi bó ṣe parí?"

Titus wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń jáde ní àgbàlá.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí ó tó dé, eruku ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wọ inú yàrá náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Mo ti ibẹ̀ dé," ó wí.

"Ẹ ò sùn?"

"Mi ò sùn."

Titus bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Felicia tó ń po ẹ̀kọ fún ọmọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkùnrin náà. Titus ní ọkọ̀ náà já bọ́ lóòótọ́, àmọ́ orí yanrìn ló bọ́ sí. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ bí àwọn ọmọ ogun irin, gbàgà, gbàgà, wọ́n ti yí Awakọ̀ ká. Ó mú ìṣasùn kan, ó gbé e dérí, ó di ọba òṣùpá. Ṣùgbọ́n ọba náà kò dìde lórí àga.

"Kí ló ṣe é?" Keziah béèrè.

"Òùngbẹ ni. Kò sí omi ní òṣùpá. Ó ti pẹ́ tó ti mu omi gbẹ̀yìn, ìyẹn ló fi ń bínú sí gbogbo èèyàn."

"Kí ni Awakọ̀ wá ṣe?"

"Ó ní omi díẹ̀ nínú ìgò. Ó fún un. Ọba mu ún tán, ó sunkún, ó ní kí wọ́n sọ ohun ìjà sílẹ̀."

"Ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́ ńkọ́? Báwo ló ṣe padà sílé?"

"Wọ́n tún un ṣe. Àwọn èèyàn irin gbé òòlù, wọ́n tò sápá ọ̀tún, wọ́n tò sápá òsì. Ọ̀kan ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè é, wọ́n sì ń lu ìdè wọlé títí gbogbo irin fi ṣe déédéé."

Titus tilẹ̀ kọ orin náà. Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ bí ẹni tó ń lu òòlù, ìṣasùn sì yẹ̀ lórí rẹ̀, ó já lulẹ̀, ó fọ́. Felicia kò bá a wí. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ń fi etí ìró nu ojú. Keziah náà rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí oorun gbé e lọ. Èéyi náà gbẹ, ara rẹ̀ sì le.

Nígbà tó yá, rélùwéè gbé Titus lọ sí Òkukù, gbogbo wọn sì kó lọ. Keziah dàgbà, ó wọ ilé-ìwé módà, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ní Ìkìrun, ó ń gbé lọ́dọ̀ Àjíkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀. Ọdún 1963 ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Ọkọ̀ Òṣùpá tún ti dé, àti pé wọn yóò tún fi í hàn láti apá kìíní. Keziah àti Ọlábímpé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wò ó ní Sátidé dé Sátidé.

Ọjọ́ apá ìkẹyìn pé. Ọkọ̀ já bọ́. Awakọ̀ jáde nínú rẹ̀, ó yọ ìbọn tó ń tu iná, ó yìn ín lu ọba òṣùpá, ọba náà sì jóná mọ́ orí àga rẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, Ọlábímpé ń fò sókè. Keziah kò mira.

Nígbà tí èrò tú ká, ó lọ bá Jọláyẹmí nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe parí nígbà àkọ́kọ́ nìyí?"

"Nígbà àkọ́kọ́ kẹ̀?" Jọláyẹmí rẹ́rìn-ín. "A ò rí i fi hàn nígbà yẹn. Ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iná ló jó, a ní kí kálukú máa lọ sílé. Mi ò gbàgbé ọjọ́ náà, nítorí bàbá kan tó dúró tì mí, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ó ní kí n ṣáà fẹnu sọ ìparí rẹ̀ fún òun, pé ara ọmọ òun ò yá. Mo ní, 'Bàbá, èmi náà ò tíì wò ó.' Ó wò mí títí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Keziah wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù. Ó bá Titus níwájú ilé, ó ń bó ọsàn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó tì í lórí àpótí.

"Bàbá, mo wo ìparí sinimá òṣùpá yẹn lánàá."

Titus ń bó ọsàn rẹ̀ lọ. "Báwo ló ṣe parí?"

"Wọ́n pa ọba òṣùpá."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n pa á? Kí ló dé?"

"Wọ́n kàn pa á ni."

"Ìyẹn ò dáa," Titus wí, ó dùn ún gan-an.

Keziah bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. "Bàbá, ẹ ò wo nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"O ti ń retí mi láti àárọ̀, ojú ń dùn ọ́. Kí ni kí n wá wí? Mo sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń rò ó. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fi tún ọkọ̀ náà ṣe."

"Ẹ kì í sì í wo sinimá yẹn. Ẹ máa ń sùn. Báwo lẹ ṣe mọ ọba àti àwọn èèyàn irin?"

Titus wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ìwọ náà lo máa ń sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́."

Ó na ọsàn tó ti bó sí i. Keziah gbà á, kò sì rí i jẹ fún ìgbà díẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó di tíṣà ní Igbaye. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ máa dúró níwájú kíláàsì, Titus di àpótí ẹrù rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó bá a gbé e dé ibẹ̀, ó sì kí i pé ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró sábẹ́ fèrèsé kíláàsì náà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, títí ọ̀gá ilé-ìwé fi jáde wá bá a.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ta lẹ ń wá?"

"Mi ò wá ẹnì kankan, sà. Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Mo kàn fẹ́ gbọ́ díẹ̀ ni."

Ọ̀gá náà wọlé lọ, ó sì gbé àga jáde fún un.