Ẹ̀kúnwọ́ Gààrí Kan

Ìró igi tí wọ́n fi ń rẹ́ orí kóńgò gààrí ni mo gbọ́ lọ́jà Ore lọ́jọ́ Ẹtì, ọkàn mi sì pa dà sí Odigbo, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Òjò ti kọ̀ wá lọ́dún yìí náà. Ilẹ̀ le, gbágùúdá ò ṣe é fà tu, gààrí sì ti gbówó lórí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, láyé ọjọ́un, ẹni tó bá ta gààrí láìfi èènì sí i, ahun ni. Ìyá mi a rọ gààrí sínú kóńgò títí yóò fi yọ ṣóńṣó, a sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà ń wò. Mo mọ èènì í bù ju ìwé kíkà lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ìwé, hú gbogbo gbágùúdá oko rẹ̀, ó fi kòkó rọ́pò. Kòkó ló ń mówó wá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ni òjò bá lọ tí kò bọ̀. Kòkó kéékèèké náà gbẹ lórí ìdúró, àgbẹ̀ tó ń ta gààrí wá di ẹni tó ń rà á. Àwọn alágààrí ṣèpàdé: kò sí èènì mọ́, kí oníkálukú máa fi igi rẹ́ orí kóńgò.

Ìyá mi ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Fọlákẹ́ wá ra kóńgò kan lọ́wọ́ mi. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo rẹ́ ẹ dọ́gba. Kò gbé abọ́ rẹ̀ kúrò.

“Ṣé ó tán nìyẹn?”

“Wọ́n ní kò sí èènì mọ́.”

“Ó dáa,” ó sì lọ.

Mo lọ sọ ọ́ fún ìyá mi, mo rò pé yóò yìn mí. Ó kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Fọlákẹ́ kẹ̀? Ṣé Fọlákẹ́ náà ti di oníbàárà lásán?” Ó ní kí n gbé gààrí lọ fún wọn tí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Ilẹ̀kùn títì ni mo bá. Aládùúgbò wọn ní wọ́n ti jí lọ wọkọ̀ ní Ore, Èkó ni wọ́n ń lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. N kò rí Fọlákẹ́ mọ́ dòní, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀dá ń ṣe lemọ́lemọ́ báyìí, ẹni tó ń tà kì í sábà mọ ẹni tó ń rà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ọmọbìnrin tó ta gààrí fún mi rẹ́ orí kóńgò tán, ó wojú mi, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá mi.

“Ẹ gbà, mà. Èènì yín nìyẹn.”

Mo dúpẹ́, mo yára yíjú kó má baà rí omijé mi. Ẹ̀kúnwọ́ náà kò pọ̀ rárá. Kò ju èyí tí mo fi du Fọlákẹ́ lọ.