Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Bú Ìyá Oníléèwé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Ìgàndò kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Páwápọ́ìǹtì ni, mo wá ń yan bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Mo kọ ìbéèrè sójú kọ̀ǹpútà, mo to ìdáhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, mo sì gba ohùn ara mi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ èyí tó tọ̀nà yóò gbọ́ "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Ẹni tó bá ṣì í yóò gbọ́ "Olódo!" Mo tún lọ yá sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé tíṣà dé.

Mo pe ìyá tó ni iléèwé. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Ìbéèrè náà ni: kí ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn? Ọmọ Abẹ́òkúta pọ́ńbélé ni Mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta.

Ohùn mi bú jáde: "Olódo!"

Mà yíjú sí mi.

"Tíṣà, èmi lẹ ń bá wí?"

"Rárá o, Mà! Kọ̀ǹpútà ló ṣì í jàre." Mo sáré tẹ Abẹ́òkúta fúnra mi.

"Olódo!"

Mà wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, kò ṣì í o."

Àṣé mo ti fi ohùn méjèèjì sípò ara wọn. Ẹ̀kọ́ náà sì wọ àwọn ọmọ kíláàsì lórí ṣá. Títí dòní, bí àwọn ọmọ náà bá rí mi ní Ìkòtún, "Tíṣà, Abẹ́òkúta o!" ni wọ́n fi ń kí mi, gbogbo wa la sì mọ ìdáhùn rẹ̀.