Àlùwàlá Níbi Tí Igi Parí Sí

Ọmọbìnrin mi ló fà mí lọ sórí òkè. Toronto ni wọ́n bí i sí, òtútù sì ti ń bá a ṣeré láti kékeré. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní Downsview, mo kàn ń fara dà á ni. Nígbà tó ní ká kọjá bọ́dà, ká lọ gun òkè Amẹ́ríkà nínú yìnyín, mo bi í pé kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

"Ikùn yín tó ń yọ síwájú ló ṣẹ̀ mí, Daddy. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a wí."

Nínú mọ́tò ló ti ń ka òfin fún mi. Mi ò gbọdọ̀ wọ aṣọ òwú, torí tó bá tutù, kì í gbẹ. Omi ò gbọdọ̀ kàn mí lára. Tí aago kan bá lù, ibi yòówù ká dé, a ó yí padà. Mo ní mo ti gbọ́. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówùú alápá gígùn wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń dá a lóhùn.

Ọ̀sán pọ́n bá wa níbi tí igi ti kúrú dé orúnkún. Kọjá ibẹ̀, òkúta, yìnyín àti afẹ́fẹ́ nìkan ló kù. A dúró láti kírun Àìlà. Ọmọ mi fọwọ́ kan òkúta gbígbẹ, ó fi pa ojú àti ọwọ́, bí ẹ̀sìn ṣe yọ̀ǹda fún ẹni tí omi lè ṣe ní jàǹbá.

"Àlùwàlá ọ̀lẹ," ni mo wí.

"Allah ló fún wa láyè. Ẹ má fomi kan ara o."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so irin eléyín mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Mo yíjú sápá kan, mo da omi gbígbóná tí a fẹ́ fi po tíì láti inú fúláàsì, mo fọ ojú, mo fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ki ọwọ́ tútù bọ inú ìbọ̀wọ́, a kírun, a bọ́ sínú afẹ́fẹ́.

Kò pẹ́ tí mi ò mọ ìka mi lára mọ́. Mi ò sọ. Ta ni yóò sọ fọ́mọ rẹ̀ pé òun ti sọ ìka nù? Àfìgbà tó gbé ife tíì fún mi, tí ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó fa ìbọ̀wọ́ mi yọ. Ìka mi ti rí bí eérú.

"Ẹ fomi ṣàlùwàlá, àbí?"

"Omi gbígbóná ni."

"Daddy, we're going down."

Mo ní aago kan ò tíì lù. Mo ní orí òkè nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì ti ṣèlérí fọ́tò fáwọn ará mọ́ṣáláṣí. Wọn ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Iléyá. Mo ṣì ń rojọ́ lọ́wọ́ nígbà tó kúnlẹ̀. Ọmọ yìí, tó bá ń kí mi láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ kàn ń mì díẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Daddy mi. Ìka yẹn lẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e."

Mo ní, "Dìde. Ó yá, a ń lọ."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ tó ti gbóná, ó fi wọ̀ mí, ó wá fa òmíràn yọ nínú báàgì fún ara rẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn lemọ́lemọ́, bí ìyá tó ń kó ọmọ sọdá títì.

Nígbà tí a wọ àárín igi tí afẹ́fẹ́ ò dé, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mo kérora.

"Ó ń dùn yín?"

"Bí ẹni fi ata rodo sábẹ́ èékánná mi."

"Alhamdulillahi," ló wí, omi sì lé sójú rẹ̀.

Mo ní irú ọmọ wo ló ń dúpẹ́ pé ìyà ń jẹ baba òun. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n ká ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wò ó títí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi pé.